Bí a ṣe ń dá ọnà èdè mọ̀ nínú ewì: ìtọ́sọ́nà fún ọmọ ilẹ̀ Okun tó fẹ́ ṣe ìdánwò Yorùbá

Okun o, ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ̀yin Yorùbá ìpínlẹ̀ Kogí. Ìbéèrè kan wà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń bi mí lọ́dọọdún bí WAEC àti NECO bá ti ń sún mọ́lé: "Tíṣà, mo ti há gbogbo orúkọ ọnà èdè sórí. Kí ló dé tí mi ò rí wọn nínú ewì?" Àwọn òbí náà ń béèrè. Àwọn olùkọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé iṣẹ́ ewì lé lọ́wọ́ náà ń béèrè.

Ìdáhùn mi kò yí padà: orúkọ lẹ kọ́kọ́ ń wá, ẹ ò tíì gbọ́ ohun tí akéwì ń sọ. Bí ọ̀rọ̀ bá ti yé yín, ọnà èdè inú rẹ̀, ìyẹn àwọn ọgbọ́n tí akéwì fi ń ṣe èdè lọ́ṣọ̀ọ́, kò ní fara pamọ́ fún yín. Bí kò bá yé yín, ẹ ó kàn máa méfò ni, àfojúwò kò sì tó ṣe ìdánwò.

## Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

Ẹ wá nǹkan wọ̀nyí sílẹ̀:

- ewì kan tí kò ju ogún ìlà lọ
- pẹ́ńsùlù (kì í ṣe bírò, nítorí ẹ ó pa nǹkan rẹ́)
- ibi tí ẹ ti lè ka nǹkan sókè láìsí ẹni tí yóò pa yín lẹ́nu mọ́
- àgbàlagbà kan tí Yorùbá dá ṣáká lẹ́nu rẹ̀. Ìyá àgbà ni mo fẹ́ràn jù

## Orúkọ tí ẹ ó máa bá pàdé

Àwọn tó jẹ mọ́ ara ewì kò le, ẹ jẹ́ ká yára kọjá wọn. Akéwì ni ẹni tó ké e tàbí tó kọ ọ́. Ìlà kò nílò àlàyé. Ẹsẹ ni ọ̀wọ́ ìlà tí àlàfo yà sọ́tọ̀ lójú ìwé. Ewì alohùn ni ti ẹnu, bí oríkì, ìjálá, ọfọ̀ àti ẹsẹ Ifá. Ewì àpilẹ̀kọ ni èyí tí akéwì jókòó kọ. Lílé ni ohun tí aṣáájú gbé, ègbè ni èyí tí àwọn yòókù fi ń dá a lóhùn. Ẹni tó bá ti bá wọn dá orin níbi ìgbéyàwó tàbí òkú àgbà rí ti mọ ìyẹn.

Ọnà èdè gan-an nìyí, àwọn mẹ́jọ tó máa ń yọjú jù:

- Àfiwé tààrà: a fi nǹkan kan wé òmíràn, a sì jẹ́ kó hàn pé à ń fi wé e. Ẹ wá *bí*, *bíi*, *dà bí*, *jọ*.
- Àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́: a pe nǹkan ní ohun tí kì í ṣe, láìsọ "bí".
- Ìfohunpènìyàn: ohun tí kì í ṣe ènìyàn ń ṣe ohun tí ènìyàn ń ṣe.
- Àsọrégèé: ọ̀rọ̀ tí a sọ kọjá bó ṣe rí kí ó lè wọ etí.
- Àwítúnwí: ọ̀rọ̀ tàbí gbólóhùn kan náà tún padà wá.
- Gbólóhùn adọ́gba: gbólóhùn méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tí egungun wọn rí bákan náà, àmọ́ tí ẹran ara wọn yàtọ̀.
- Ìfìrógbóyeyọ: ọ̀rọ̀ tí ìró rẹ̀ fúnra rẹ̀ ń sọ ìtumọ̀, bí *gbì*, *yeeye*, *gbàgà*.
- Ìfọ̀rọ̀dárà: akéwì ń fi àwọn ọ̀rọ̀ tó fara jọra ní ìró tàbí ní lẹ́tà ṣeré.

Ìwé kan lè pè é ní àsọrégèé, kí òmíràn pè é ní àsọdùn. Ẹ má jẹ́ kí èyí dà yín láàmú. Orúkọ tó wà nínú ìwé kíláàsì yín ni kí ẹ lò, kí ẹ má sì pààrọ̀ rẹ̀ láàárín ìdáhùn kan.

## Ewì tí a ó fi ṣiṣẹ́

Mo kọ èyí fún ìtọ́sọ́nà yìí. Ọyẹ́ ilẹ̀ wa ni mo fi ṣe é, nítorí kò sí ọmọ Kábà tàbí Ìsánlú tí yóò sọ pé òun kò mọ̀ ọ́n. Ẹ fi nọ́ńbà sí ìlà kọ̀ọ̀kan nínú ìwé yín.

> 1. Ọyẹ́ dé, àlejò tí kì í kan ilẹ̀kùn,
> 2. Ọyẹ́ dé, ó bọ́ aṣọ lára igi,
> 3. Ó gbá àgbàlá wa láìmú ìgbálẹ̀.
> 4. Ètè wa là bí ilẹ̀ tí òjò kọ̀ sílẹ̀,
> 5. Iyán tó ń ké gbì, gbì nínú odó
> 6. Di òkúta kí a tó bu òkèlè kejì.
> 7. Olówó fi aṣọ tó nípọn bora,
> 8. Tálákà fi iná igi bora.
> 9. Ọyẹ́, rọra o,
> 10. Ọmọ tuntun wà nínú ilé.

## Ìgbésẹ̀ méje

1. Ẹ kà á sókè lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ má tíì mú pẹ́ńsùlù. Etí la fi ń gbọ́ ewì Yorùbá, ojú kò tó o. Lẹ́ẹ̀kẹta, ẹ kíyè sí ibi tí ẹnu yín ti fẹ́ padà sí ohun tó ti sọ tẹ́lẹ̀.

2. Ẹ fi gbólóhùn méjì sọ ohun tó ń sọ. Ẹ lè fi Owé, Yàgbà, Ìjùmú, Ìbùnú tàbí Ọ̀wọ̀rọ̀ sọ ọ́, bó ṣe máa ń jáde lẹ́nu yín nílé. Fún ewì òkè yìí: ọyẹ́ ti dé, ó ń fìyà jẹ gbogbo wa, àmọ́ ìyà náà kò dọ́gba láàárín olówó àti tálákà. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ń bẹ ọyẹ́ nítorí ọmọ. Bí ẹ kò bá lè ṣe èyí, ẹ má lọ sí ìgbésẹ̀ kẹta. Ẹ padà lọ kà á.

3. Ẹ bi ara yín pé ta ló ń sọ̀rọ̀, ta ló ń bá sọ̀rọ̀. Akéwì àti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú ewì lè yàtọ̀. Níbí, ẹni tó ń wí "wa" jẹ́ ará ilé kan tí ọmọ tuntun wà. Láti ìlà kìíní dé ìkẹjọ, àwa ló ń bá sọ̀rọ̀. Ní ìlà kẹsàn-án ó yíjú sí ọyẹ́ fúnra rẹ̀. Ibi tí ojú bá ti yí padà báyìí, ẹ fi àmì sí i.

4. Ẹ fa ìlà sábẹ́ ohun tí kò lè rí bẹ́ẹ̀ lójú ayé. Ìdánwò kékeré ni: bí mo bá jáde síta báyìí, ṣé ojú mi lè rí i gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́? Ọyẹ́ kì í ṣe àlejò. Igi kì í wọ aṣọ. Iyán kì í di òkúta. Gbogbo ibi tí ìdáhùn bá ti jẹ́ "rárá", ọnà èdè kan wà níbẹ̀.

5. Ẹ wá fún un lórúkọ. Ìsinsìnyí ni orúkọ tó wúlò. Níbí ni mo fẹ́ ká dúró pẹ́ díẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ti ń ṣìnà jù.

Ìlà 4 rọrùn: "bí ilẹ̀" ni, àfiwé tààrà. Ṣùgbọ́n ẹ wo "tí òjò kọ̀ sílẹ̀". Ta ló ń kọ ẹnìkejì sílẹ̀? Ọkọ ló ń kọ aya, aya ló ń kọ ọkọ. Òjò ti di ọkọ tó já ilẹ̀ jù sílẹ̀, ìfohunpènìyàn nìyẹn. Ọnà èdè méjì nínú ìlà kan! Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń rí àkọ́kọ́, wọ́n á sì kúrò níbẹ̀ kíá.

Ìlà 1 ló ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ jù. Akéwì pe ọyẹ́ ní "àlejò", kò sọ "bí àlejò", nítorí náà àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́ ni. Ẹlòmíràn á ní ìfohunpènìyàn ni, torí pé ènìyàn ló ń ṣe àlejò. Àwọn méjèèjì tọ̀nà. Bí wọ́n bá ní kí ẹ mú ẹyọ kan, àbá mi ni pé kí ẹ wo ohun tó gbé ìlà náà ró. Bí ó bá jẹ́ orúkọ ni akéwì fún nǹkan (àlejò, ọba, ìyá), ẹ mú àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́. Bí ó bá jẹ́ iṣẹ́ ni nǹkan náà ń ṣe (ó gbá, ó bọ́, ó ké), ẹ mú ìfohunpènìyàn. Nípa báyìí, ìlà 1 jẹ́ ti àkọ́kọ́. Ìlà 2 àti 3 jẹ́ ti èkejì. "Aṣọ" inú ìlà 2, tó dúró fún ewé, tún jẹ́ àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́ fúnra rẹ̀.

Ìlà 6 ń sọ pé iyán di òkúta. Ṣé àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́ ni? Ẹ padà sí ìgbésẹ̀ kejì: kí ni akéwì ń fẹ́? Ó fẹ́ kí ẹ mọ bí òtútù ṣe pọ̀ tó, ó sì fi "kí a tó bu òkèlè kejì" gbé e kọjá ààlà. Àsọrégèé ni.

Bí akéwì ṣe ń bá ọyẹ́ sọ̀rọ̀ ní ìlà 9 bí ẹni tó létí, ìfohunpènìyàn ni kí ẹ pè é.

6. Ẹ fi etí wá èyí tí ojú kò rí. Àwọn kan wà tí ìgbésẹ̀ kẹrin kò lè mú, nítorí kò sí irọ́ kankan nínú wọn. "Ọyẹ́ dé… ọyẹ́ dé" jẹ́ òótọ́, àwítúnwí sì ni. Ẹ ka ìlà 7 àti 8 tẹ̀lé ara wọn: *X fi Y bora, X fi Y bora.* Egungun kan náà ni. Ohun tó yí ni olówó sí tálákà, aṣọ tó nípọn sí iná igi. Gbólóhùn adọ́gba nìyẹn. "Gbì, gbì" ní ìlà 5 ni ìfìrógbóyeyọ.

7. Ẹ sọ iṣẹ́ tó ń ṣe. Bí ẹ bá fo gbogbo ohun tí mo ti ń sọ bọ̀, ẹ má fo èyí. Ìdáhùn tí kò ní iṣẹ́ nínú dà bí ìgbà tí ènìyàn mọ orúkọ gbogbo irinṣẹ́ káfíńtà tí kò lè kan ìṣó. Ẹ lo ẹ̀yà mẹ́ta yìí: orúkọ, ìlà, iṣẹ́.

Ìdáhùn tí kò tó: *"Gbólóhùn adọ́gba wà nínú ewì yìí. Ó jẹ́ kí ewì náà dùn."*

Ìdáhùn tó tó: *"Akéwì lo gbólóhùn adọ́gba ní ìlà 7 àti 8: 'Olówó fi aṣọ tó nípọn bora, / Tálákà fi iná igi bora.' Bí gbólóhùn méjèèjì ṣe rí bákan náà ló jẹ́ kí ìyàtọ̀ ipò wọn hàn kedere. Ọ̀kan ní aṣọ, èkejì kò ní ju iná lọ."*

"Ó jẹ́ kí ewì dùn" kì í ṣe ìdáhùn. Ẹ lè lẹ̀ ẹ́ mọ́ ewì èyíkéyìí láìkà á, ẹni tó ń máàkì sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

## Ohùn: ibi tí ọmọ ilẹ̀ Okun ti ní ànfààní

Ìfọ̀rọ̀dárà ló máa ń ṣòro jù fún àwọn ọmọ, bẹ́ẹ̀ ìkíni wa gan-an ló ń kọ́ wa. Ẹ gbọ́ èyí:

> Okun la fi ń kí ara wa,
> Okùn la fi ń so ẹrù mọ́ ọ̀kadà,
> Òkun jìnnà sí wa,
> Odò Ọya la mọ̀.

Lẹ́tà mẹ́rin kan náà, ọ̀rọ̀ mẹ́ta. *Okun* (ohùn àárín méjì) ni agbára, òun la fi ń kí ara wa. *Okùn* (àárín, ìsàlẹ̀) ni a fi ń di nǹkan. *Òkun* (ìsàlẹ̀, àárín) ni omi ńlá tí kò sí nítòsí wa. Odò tí àwa ń rí ni Ọya, tó pàdé Bẹ́núé ní Lọ́kọ́jà. Ohùn nìkan ni akéwì fi ṣeré yìí. Ẹ yọ àmì ohùn kúrò, ọnà náà ti kú.

Ẹ fi èyí dá ara yín lẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà oko tàbí nínú mọ́tò: *ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀*, *igba, igbá, ìgbà, igbà*. Ẹ gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú gbólóhùn kan.

Bí ìwé tí wọ́n fún yín kò bá ní àmì ohùn, ẹ fi pẹ́ńsùlù fi í sí i kí ẹ tó ṣe ohunkóhun. Ẹ jẹ́ kí ìtumọ̀ ìlà náà tọ́ yín sọ́nà. Lórí fóònù, Gboard, áàpù ìtẹ̀wé ti Google, ní pátákó ìtẹ̀wé Yorùbá tó ń jẹ́ kí àmì ohùn rọrùn láti tẹ̀.

## Ìkìlọ̀ nípa èdè ilé

Ọ̀rọ̀ ìlú yín tó bá wà nínú ewì kì í ṣe ọnà èdè nítorí pé kò sí nínú Yorùbá àjùmọ̀lò. Mo ti rí ọmọ tó pe ọ̀rọ̀ Ìjùmú kan ní àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́ nítorí pé kò yé e, bẹ́ẹ̀ orúkọ ohun ìdáná lásán ni. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àgbà kí ẹ tó fún un lórúkọ.

Ẹ̀gbẹ́ kejì rẹ̀ náà wà. Bí akéwì bá ń fi Yorùbá àjùmọ̀lò kọ̀wé bọ̀, tó wá ṣàdédé sọ èdè ìlú rẹ̀ sínú ìlà kan, ìyẹn ní ìdí. Ẹ kọ ọ́ sábẹ́ ìṣọwọ́lo-èdè (bí akéwì ṣe ń lo èdè): bóyá ìyá rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, bóyá ilé ló rántí.

Bí ẹ bá ń gba oríkì tàbí orin sílẹ̀ lẹ́nu àgbà, ẹ fi fóònù gba ohùn rẹ̀, kí ẹ kọ ọ́ bó ṣe pè é. Ẹ má tún un ṣe sí Yorùbá àjùmọ̀lò lójú ẹsẹ̀. Ìfọ̀rọ̀dárà tó wà nínú Owé lè pòórá bí ẹ bá yí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo padà. Àmọ́ nínú ìdánwò, Yorùbá àjùmọ̀lò ni kí ẹ fi kọ àlàyé tiyín.

## Àṣìṣe tó wọ́pọ̀

- Gbogbo "bí" kọ́ ni àfiwé. "Bí òjò bá rọ̀" kì í fi nǹkan wé nǹkan. "Ó bí ọmọ" kò tilẹ̀ bá a tan. Ẹ bèèrè pé: kí la fi wé kí?
- Pípe "gbì, gbì" ní àwítúnwí nìkan. Ìró ló kọ́kọ́ jẹ́. Ẹ mú ìfìrógbóyeyọ, kí ẹ tó fi èkejì kún un.
- Wíwá ìró tó jọra ní ìparí ìlà. Ewì èdè Gẹ̀ẹ́sì ló kọ́ yín ní èyí. Ewì Yorùbá kò gbára lé e. Ohùn, àwítúnwí àti gbólóhùn adọ́gba ló ń gbé e rìn.
- Kíkọ àpẹẹrẹ láti orí. Ẹ wo ìlà náà, ẹ kọ ọ́ bó ṣe wà, pẹ̀lú àmì rẹ̀.
- Kíkó orúkọ mẹ́jọ jọ níbi tí wọ́n ti béèrè mẹ́ta. Ẹ mú mẹ́ta tó dá yín lójú, kí ẹ ṣàlàyé wọn dáadáa.

## Bí kò bá sí ìwé tàbí olùkọ́ Yorùbá

Mo mọ̀ pé iléèwé mìíràn wà lágbègbè wa tí kò ní olùkọ́ Yorùbá, ó sì ń dùn mí. Ẹ má torí ìyẹn jáwọ́. Àlọ́ àpamọ̀ kún fún gbogbo ọnà èdè tí a ti sọ yìí, ó kúrú, kò sì gba owó. Ẹ pa á ní ìrọ̀lẹ́ pẹ̀lú àwọn àbúrò yín. Bí wọ́n bá ti dáhùn, kí ẹ bi wọ́n pé kí ló jẹ́ kí wọ́n mọ̀ ọ́n. Ohun tí wọ́n bá sọ ni ọnà èdè, bí wọn kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀.

Òwe náà ṣeé lò, ṣùgbọ́n àlọ́ ló dára jù fún ìbẹ̀rẹ̀, nítorí ó ní ìdáhùn tí ẹ lè fi yẹ ara yín wò.

## Ẹ dán ara yín wò

Àlọ́ o! *Òkun ń hó yeeye, ọ̀sà ń hó yeeye, ọmọ burúkú torí bọ̀ ọ́.* Kí ni o?

Ẹ wá ọnà èdè mẹ́rin níbẹ̀ kí ẹ tó ka ohun tó wà nísàlẹ̀.

1. Gbólóhùn adọ́gba: "òkun ń hó yeeye, ọ̀sà ń hó yeeye". Ó ń kó ẹ̀rù jọ kí ọmọ náà tó yọjú.
2. Ìfìrógbóyeyọ: "yeeye", ìró ohun tó ń hó lórí iná.
3. Àsọrégèé: ìkòkò ọ̀kà ni wọ́n pè ní òkun àti ọ̀sà, wọ́n sọ ọ́ di ńlá kọjá bó ṣe rí. Ẹ lè pè é ní àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́ náà, torí orúkọ ni wọ́n fún un.
4. Ìfohunpènìyàn: igi ìrokà ni wọ́n sọ di ọmọ tó ní orí, tó sì láyà láti torí bọ ohun tó ń hó.

Ìdáhùn àlọ́ náà ni orógùn, igi tí a fi ń ro ọ̀kà. Ẹ ṣọ́ ohùn rẹ̀ o: *orógùn* ni ti ìkòkò, *orogún* ni aya kejì nínú ilé. Bí ẹ bá rí mẹ́ta nínú mẹ́rin yẹn, ẹ mú ewì tó wà nínú ìwé kíláàsì yín, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìgbésẹ̀ kìíní, ẹ kà á sókè.